Mi ò ní fi ìpara yẹn ránṣẹ́

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Àìkú.

Módínà ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Bàbá Kẹ́mi ńkọ́? Mo gbọ́ iṣẹ́ tó o rán sí mi, pé làpálàpá mú wọn ní itan, kí n ra ìpara tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, tí gbogbo wa ń fi pa ara nílé, kí n fi rán ẹni tó ń bọ̀. Má bínú, mi ò ní rà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá.

Ìpara yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi lò. O ṣáà mọ̀ pé ọjà Olúwo ni wọ́n ti ń ta ẹja, inú omi lọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, àtọ̀gbẹ sì tún ń bá wọn jà. Kẹ́míìsì kan ló tà á fún wọn, ẹni tó tà á ò tiẹ̀ wo ojú ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta yíyún ti dá, wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹni tó tà á. Kó tó pé oṣù méjì, èyí tó rí bí òrùka ní ìbàdí ti gbilẹ̀ dé abẹ́ ọmú. Etí rẹ̀ tó máa ń ga, tó máa ń pọ́n, ti pòórá, awọ ibẹ̀ wá fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Sìtẹ́rọ́ìdì wà nínú oògùn mẹ́ta yẹn. Òun ló pa yíyún lẹ́nu mọ́, òun náà ló so ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara, ni làpálàpá bá rí ààyè rìn.

Dókítà awọ ara tá a lọ bá ní Èkó, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, fi abẹ ha eteetí ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Èépá funfun bọ́ sórí gíláàsì, ó kán omi oògùn sí i, ó sì pè mí wá wò ó nínú maikirosikópù. Módínà, mo rí i! Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ ẹ̀ka bí gbòǹgbò. Ó ní ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni. Ó gba ìpara yẹn lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní terbinafine oníkóró, oògùn tó ń pa làpálàpá, ó sì kìlọ̀ pé bí ara bá mọ́, kí wọ́n má tíì dá oògùn dúró. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló tẹnu mọ́ jù, torí bí ibẹ̀ bá là lára alátọ̀gbẹ, kòkòrò mìíràn lè gba ibẹ̀ wọlé, kó di egbò. Èmi fúnra mi ni mò ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún fún wọn lálaalẹ́.

Ti Bàbá Kẹ́mi tún wá gbẹgẹ́ ju tiwọn lọ. Oògùn tí wọ́n ń lò kí ara má bàa kọ kíndìnrín tuntun yẹn ti dín agbára àwọn ọmọ ogun ara kù. Bó bá jẹ́ tacrolimus ni, fluconazole tàbí itraconazole, tí àwọn náà jẹ́ oògùn làpálàpá, lè mú un pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì ṣe kíndìnrín náà léṣe. Nítorí náà, jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ gbé kóró kankan mì kí dókítà kíndìnrín wọn tó mọ̀ sí i. Bí kókó bá sì yọ lára wọn, pàápàá èyí tí àárín rẹ̀ jin, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ inú ni wọ́n ti wá, tí ẹ̀jẹ̀ gbé wọn jáde sí awọ.

Ní kí wọ́n ha ojú làpálàpá itan yẹn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Pè mí bí èsì bá ti jáde, bó tiẹ̀ jẹ́ òru ni níbí. Ẹja gbígbẹ tí ẹ̀gbọ́n mi dì fún yín ni mo fi rán ẹni tó ń bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Sílífá