Lẹ́tà sí màmá tó wé òṣùká fún mi ní Lágéré

Màmá, ẹ kú àtijọ́ o. Mi ò mọ orúkọ yín, mi ò mọlé yín, ojú yín nìkan ni mo mọ̀, àti ọwọ́ yín. Mo ń kọ eléyìí síbí bóyá ọmọ yín kan tàbí ọmọọmọ yín á rí i lórí fóònù, á sì kà á sí yín létí. Èmi lọmọ tó ru bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ní Lágéré, nílé-Ifẹ̀ níbí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí ẹ kí tí ò dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, wọ́n kọ́ mi nílé, òfin eré tá à ń ṣe lọ́jọ́ yẹn ló ní ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé Ẹnuwá, iwájú ààfin.

Eré ni, màmá. Mo mọ̀ pé kò jọ eré, kò sí sítéèjì, kò sí ìlù, kò sẹ́ni tó múra bí ọba. Àwa méje la jọ ṣe é, kò sẹ́ni tó jókòó kọ ọ́ fún wa. Bá a ṣe ń ṣe é nìyí: a yá kíláàsì kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti lọlé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oníkálukú á mú nǹkan tó jẹ mọ́ omi wá látilé ẹ̀, okùn ìfami, kẹ́ẹ̀gì tó ti ń jò, ẹnì kan tiẹ̀ mú ohùn ìyá ẹ̀ wá, bí ìyá yẹn ṣe máa ń pariwo láago márùn-ún ìdájí pé omi ti ń yọ ládùúgbò kejì, ẹ dìde o, ẹ dìde! A ó wá máa fi nǹkan wọ̀nyẹn ṣeré, ẹnì kan á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wò wá, lọ́jọ́ kejì ẹlòmíì á jókòó. A ò ní dírẹ́kítọ̀. Ohun tá a bá ṣe lónìí, tí èèyàn mẹ́ta bá ṣì rántí ẹ̀ lọ́la láìwo ìwé, ó dúró nìyẹn. Èyí tí ò sẹ́ni tó rántí, ó ti lọ nìyẹn, bó ti wù kó dùn mọ́ ẹni tó mú un wá tó. Ó máa ń dunni gan-an, mo ti sunkún nítorí ẹ̀ rí.

Ohun tó wá ṣẹ́kù ò ju ẹyọ kan lọ: ká ru omi lítà 20, ìyẹn kílò 20 lórí ọrùn, láìsọ̀rọ̀, láìlo òṣùká, láti Lágéré dé iwájú ààfin. A mọ̀ọ́mọ̀ yọ òṣùká ni. A ní táwọn èèyàn bá máa rí ìyà tó wà nínú omi, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó rọrùn.

Ẹ̀yin lẹ dìde nídìí ata yín, tẹ́ ẹ wá dúró níwájú mi. Ẹ ní, "Ọmọ yìí, ṣé ẹbọ ni? Tó bá jẹ́ ẹbọ ni, kí n yà fún ẹ." Ó yé mi. Ẹni tó lọ pọn omi àfàárọ̀pọn kì í dáni lóhùn lọ́nà, ẹ sì mọ ìlú wa, ìlú tí wọ́n ń ṣọdún Ẹdì, tí ẹnì kan máa ń ru ibi gbogbo ìlú jáde, ta ni yóò rí èèyàn méje tó yadi lábẹ́ ẹrù tó máa rò pé eré ni. Mo mi orí, omi dà sí mi lójú. Ẹ ní, "Omi lásán? Ta ló wá gbé e rù ẹ báyìí?"

Ẹ sọ̀ ọ́ fún mi. Ẹ bọ́ ìborùn yín, aláró tó ti ń ṣá létí, ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, ẹ wé e mọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ki etí ẹ̀ bọ abẹ́, ẹ fi ìkúùkù tẹ àárín ẹ̀ kó lè jin. Ẹ gbé e lé mi lórí, ẹ sún un sápá òsì, ẹ wò ó, ẹ tún un sún. Ẹ wá gbé omi rù mí, ẹ ní, "Máa lọ, ọrùn ẹ á gbà á." Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan, ẹ ti padà sídìí ata.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́, ní eré ìyà ni, ẹ ti sọ ọ́ di eré àánú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dọjọ́ kejì, àwa méjèèje la rántí, òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Látìgbà yẹn la ti yí eré yẹn padà, ẹnì kan á dúró lójú ọ̀nà, á bọ́ aṣọ ara ẹ̀, á wé òṣùká fún ẹnì kejì. A ṣe é ní Ẹrẹ́jà ní Ilésà, àwọn ìyá ọlọ́jà ń pariwo mọ́ wa pé kò dáa, ẹ tú u, ẹ tún un wé! Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò tíì sẹ́ni tó lè wé e bíi tiyín nínú wa.

Ohun tí ò jẹ́ n sùn wá ni pé ẹ ò mọ̀. Láyé Ògúńdé àtàwọn ẹgbẹ́ eléré tó ń fi ọkọ̀ kiri ìlú, nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀gá á sọ ìtàn, òṣèré á fẹnu ara ẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sí i, orúkọ ọ̀gá ló máa ń wà lára ọkọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1963, eré kan tí Joan Littlewood àtàwọn òṣèré ẹ̀ jọ ṣe lórí Ogun Àgbáyé Kìíní, orúkọ ẹgbẹ́, Theatre Workshop, wà lára àwọn tó ni ín, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ní Ifẹ̀ níbí náà, nígbà tí Ọlá Rótìmí àtàwọn tó kù ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ eléré Orí Olókun lọ́dún 1968, inú ìlú ní Arúbidì ni wọ́n gbé e sí, àwọn ará ìlú sì wà nínú àwọn tó ń ṣeré. Àwa náà ń fi ẹnu sọ pé gbogbo wa la ni ín. Àmọ́ orúkọ méje ló wà lára pépà tá a pín ní Ilésà, ẹni tó sì mú ibi tó dáa jù nínú eré yẹn wá ń ta ata ní Lágéré, kò gbọ́, a ò bi í.

Mo ti padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin míì ni mo bá nídìí ata, ó ní òun ò mọ̀ yín. Owó tí wọ́n fún wa ní Ilésà, ọ̀nà mẹ́jọ la pín in sí, tiyín wà nínú àǹfílọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká kọ orúkọ yín síbẹ̀, a ó kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ní ká má lò ó mọ́, màmá, a ó yọ ọ́, a ti jọ sọ ọ́, kódà ẹni tó kọ́kọ́ bínú yẹn náà gbà.

Ìborùn yín ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀tọ̀ laṣọ tá a fi ń ṣeré, a ò fi tiyín wé nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Omi tútù ni mo fi fọ̀ ọ́, torí aró.