Ẹ kọ́kọ́ bi wá pé àwọ̀ wo ni iná ráútà ní

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ni. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni tiwa fi dákú, owó oṣù tí mo san ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni régbérégbé ìyàwó mi ń yan aṣọ Ojúde Ọba lórí WhatsApp, dátà fóònù tó jẹ lọ́wọ́ mi, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Iná WiFi ń tàn, fóònù ní òun ti kọnẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ nǹkan kan ò ṣí. Mo pe kọ́sítọ́mà kíà ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó gbé e ní kí n pa ráútà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sínú ilé, kí n tún un tàn, mo ṣe é, ó ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe, ìgbà kẹta ló wá ní kí n fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná gbogbo á fi kú. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ihò yẹn burú o! Téèyàn bá kàn pa á tó tún un tàn, kò sí nǹkan tó ń sọnù, àmọ́ ihò yẹn máa ń nu gbogbo ohun tí wọ́n tò sínú ráútà, títí kan orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tó fi ń wọlé sọ́dọ̀ wọn. Ìṣòro kan wá di méjì.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló wá bá wa wò ó. Ó tẹ 192.168.1.1, àdírẹ́sì ráútà wa, sínú fóònù, ojú ìwé ráútà ṣí, ó ní a jẹ́ pé fóònù àti ráútà ń gbọ́ra wọn yé. Ló bá na ọwọ́ sí iná kan tí wọ́n kọ LOS sí, ó pupa. Ó ní bó bá ti pupa báyìí, ìmọ́lẹ̀ ò gba inú wáyà fáíbà wọlé nìyẹn, kò sí bá a ṣe lè fi ihò tún un ṣe. Ó ní tí LOS ò bá pupa, tí 8.8.8.8, nọ́ńbà kọ̀ǹpútà Google kan, ń dáhùn ping, ìyẹn tá a bá kàn án wò bóyá ó wà, àmọ́ tí orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ò ṣí, DNS wọn, ohun tó ń sọ orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì di nọ́ńbà, ló kú, ká kàn pààrọ̀ ẹ̀.

Iná yẹn ti pupa kí n tó pè wọ́n o. Ọmọ yẹn ò bi mí!

Katapílà tó ń tún títì ṣe nísàlẹ̀ àdúgbò wa ló já wáyà. Ọjọ́ kẹrin ni ẹnjiníà wọn tó dé, ó so ó, LOS kú, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ò lọ, àfìgbà tó tún páswọ́ọ̀dù tí mo ti nù tẹ̀ padà.

Ẹni tírú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kó gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí wọn ò bá dáhùn, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, wà lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Èmi ti pè wọ́n, torí ilé-iṣẹ́ yẹn ò tíì dá owó ọjọ́ mẹ́rin mi padà.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde