Ẹ̀sùn lórí àwòrán ẹyẹ tí ẹ tẹ̀ fún mi

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà kẹrin tí mo kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyí: àwòrán ayékòótọ́ Carolina tí mo ní kí ẹ tẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà ọjà àti rìsíìtì mi wà lọ́wọ́ yín, n kò ní tún wọn kọ mọ́.

Àwọ̀ tí kò jáde dáadáa kọ́ ló bí mi nínú tó báyìí. Ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di oṣù mẹ́ta. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní kí n lọ bá àwọn tó ń gbowó, àwọn tó ń gbowó dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Ẹ ní mọ́tò ń bọ̀, mo jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò rí ẹnì kankan. Nígbà tí àwòrán kejì tí ẹ tún tẹ̀ wá dé, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó gbé ìpè mi pé orí ẹyẹ náà tó yẹ kó pọ́n bí ìyeyè ti ṣú bí ẹrẹ̀, ara tó yẹ kó dà bí ewé tútù sì ti di búlúù. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti fojú rí ẹyẹ yẹn rí ni, tẹ́ ẹ fi mọ àwọ̀ ẹ̀?" Ó sì pa fóònù.

N kò rí i rí. Òun náà kò lè rí i láé. Ayékòótọ́ Carolina ti tán láyé; èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí wọ́n ń sìn kú sí ọgbà ẹranko Cincinnati ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1918. Àwòrán ló kù tí ọmọ lè fi mọ̀ ọ́n. Audubon, ayàwòrán ẹyẹ, ló ya èyí tí mo ní kí ẹ tẹ̀: ó ya méje wọn bí wọ́n ṣe tóbi gan-an, lórí ewéko tí èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èèmọ́. Havell, tó ń fín àwòrán fún títẹ̀, fín in sára bàbà ní London, wọ́n sì fi ọwọ́ kun ún, ọ̀kan nínú àwòrán 435 tí wọ́n ṣe láti 1827 sí 1838. Ẹni tó bá ba àwọ̀ yẹn jẹ́ ń parọ́ mọ́ ẹyẹ tí kò lè wá jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ilé-ìkàwé ilé-ìwé tí mo ti ṣe tíṣà bàọ́lọ́jì ni mo rà á fún. Ohun tí àwọn ọmọ bá rí lára ògiri yẹn ni wọn yóò gbà gbọ́.

Ẹ tún un tẹ̀ bó ṣe yẹ, tàbí kí ẹ dá gbogbo owó mi padà láàárín ọjọ́ 14. Kí ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ pè mí, kó bẹ̀ mí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń gbé ẹjọ́ yín lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbogbo lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni n ó sì kó lọ. Àwòrán méjèèjì ti wà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ fi mọ́tò yín wá kó wọn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.