Irin Ìbòrí Abẹ Gíráíndà: Ọ̀rọ̀ sí Àwa Tí À Ń Kọ́lé ní Àkúrẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn onílé ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ nípa gíráíndà tí wọ́n fi ń gé táìsì.

Ní oṣù tó kọjá, mo dé ilé tí mò ń kọ́ lọ́nà Ìjòkà, mo sì bá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó lóṣòó, tó fi ẹsẹ̀ tó wọ sílípáàsì tẹ táìsì mọ́lẹ̀, tó ń gé e láìsí irin ìbòrí lára ẹ̀rọ náà. Eruku funfun ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn yọ ìbòrí náà nítorí pé abẹ ínǹṣì 7 tí àwọn fi sí i kò gba inú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Gíráíndà kékeré, tí abẹ ínǹṣì 4½ tọ́ sí, ń yí tó nǹkan bí ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ sì ni iye ìgbà tí abẹ ínǹṣì 7 lè yí láìléwu, tí wọ́n sábà ń kọ sójú rẹ̀, kò ju bí 8,500 lọ. Bí abẹ bẹ́ẹ̀ bá fọ́ lórí eré, irin tí ìbá gba àfọ́kù rẹ̀ kí ó má baà kan ojú tàbí ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ti yọ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn.

Ti eruku kì í tètè hàn. Èròjà yanrìn tí wọ́n ń pè ní silica wà nínú táìsì, èyí tó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi rí i ló sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ dá àpá tí kò gbóògùn síbẹ̀. Láti 1997 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Àkísà tí wọ́n ń so mọ́ imú kò lè dá a dúró, àfi ìbòmú bí N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Omi a máa pa eruku, ṣùgbọ́n gíráíndà tó ń lo iná kì í ṣe ohun tí à ń da omi sí bákan ṣáá. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ẹ̀rọ aláfọwọ́fà, èyí tó ń fa ìlà sójú táìsì kí a tó ṣẹ́ ẹ, fún gbogbo ibi tó bá lọ tààrà, kí gíráíndà wá kù fún igun àti ojú ihò páìpù, níta gbangba.

Mo ti ṣírò owó sìmẹ́ǹtì àti ti táìsì títí dé orí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ owó ìbòmú tàbí awò ìdáàbòbò ojú síbì kankan, ó sì dùn mí. Mo dá iṣẹ́ náà dúró títí a fi ra àwọn nǹkan wọ̀nyí àti abẹ tó bá ẹ̀rọ náà mu, mo sì san owó ọjọ́ méjì tó bá a lọ. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ní Ọ̀bá-Ilé títí dé ọ̀nà Ọ̀dà: kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ ní kí oníṣẹ́ gbé gíráíndà rẹ̀ wá kí ẹ rí i pẹ̀lú ìbòrí lára rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé kan ní Ìjòkà, Àkúrẹ́.