Ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé ọkùnrin ni ọmọ mi?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ ròyìn ayọ̀ ọmọ mi fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Kánò tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo kọ ọ́ sórí fóònù pé, "Ó ti ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti fi í ṣe ọ̀gá." Ẹ̀rọ ìtumọ̀ bá mi sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, mo fi ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi pè mí: ìgbà wo ni mo bí ọmọkùnrin? Mo wá kọ ti àbúrò mi ọkùnrin láti fi wò ó: "Ó ń ṣe nọ́ọ̀sì." Ẹ̀rọ sọ òun di obìnrin. "Ó" kan náà ni mo lò fún àwọn méjèèjì!

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí á ní ohun tó wà nínú ìwé tí àwọn fi kọ́ ọ ló ń sọ. Kí ló dé tí wọn ò tún un ṣe kí wọ́n tó gbé e fún wa? Irọ́ ni pé ọkùnrin nìkan ló ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, torí obìnrin ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́. Obìnrin mẹ́fà, tí Jean Jennings àti Betty Snyder wà lára wọn, ló ń ṣètò iṣẹ́ fún ENIAC, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìwé ìlànà. Àwòrán wáyà ni wọ́n tẹjú mọ́ títí tó fi yé wọn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà han aráyé ní February 1946, wọ́n se àsè alẹ́, wọn ò pe ọ̀kankan nínú àwọn obìnrin náà. Ní England, Stephanie Shirley dá ilé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní 1962. Lẹ́tà rẹ̀ ò rí èsì, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lù ú ní "Steve". Òun fúnra rẹ̀ ló pera ẹ̀ lọ́kùnrin kó lè ríṣẹ́. Ọmọ tèmi ò bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ sọ ọ́ di ọkùnrin!

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Bí ẹ̀rọ bá ti rí "ó", kó gbé ìtumọ̀ méjèèjì síwájú wa, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ mú èyí tó bá mu. Láti 2018 ni irú rẹ̀ ti wà fún èdè Tọ́kì. Kí wọ́n má fi pa mọ́ síbi tí a ó ti máa wá a kiri o; ojú ibi tí ìtumọ̀ wà gan-an ni kó ti hàn. Bí mo bá sì ti mú obìnrin lẹ́ẹ̀kan, kó dì í mú títí lẹ́tà yóò fi parí. Kí ilé ìwé wa náà má kọ́ ọmọkùnrin nìkan ní kọ̀ǹpútà. Àwọn aláṣẹ tó ń pariwo ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí rédíò ńkọ́? Ṣé wọn ò lè bá àwọn ilé iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀ lórúkọ wa ni?

Ọmọbìnrin ni ọmọ mi. Mo ti fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà mìíràn sí Kánò.

Ìyá kan,
Òṣogbo.