Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ní iwin kì í sọ̀rọ̀

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ó pé oṣù méjì lónìí tí ẹ ti lọ. Àpótí ìwé yín ló kàn mí nígbà tí a pín ẹrù. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá Frankenstein, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ya tí ẹ fi téèpù lẹ̀. Mo rò pé mo mọ ìtàn náà tinú-tòde. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kà á fún mi lábẹ́ aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì ń ṣẹ́jú.

Ẹ parọ́ fún mi.

Abàmì ẹ̀dá inú ìwé yẹn ń sọ̀rọ̀! Odidi orí mẹ́fà ló fi rojọ́: bí ẹni tó dá a ṣe sá fún un lóru ọjọ́ tó lajú sáyé, bó ṣe ń yọjú láti ihò ara ògiri, tó ń fetí kọ́ èdè lẹ́nu àwọn ará ilé kan. Bàbá afọ́jú inú ilé náà nìkan ló gbà á sọ́dọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó lójú ló fi igi lù ú. Ó pààyàn lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí Mary Shelley ṣe gbé e jáde lọ́dún 1818 nìyẹn, tòun tẹnu rẹ̀. Fíìmù ọdún 1931 ló gé ahọ́n rẹ̀, tó wá ń kùn bí ẹranko. Ìwé ló wà lọ́wọ́ yín, fíìmù lẹ ń kà fún mi.

Ti Grendel, abàmì ẹ̀dá inú Beowulf, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, yàtọ̀, òun kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi fa apá rẹ̀ já. Ọdún 1971 ni òǹkọ̀wé kan, John Gardner, tó jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Tiwa ńkọ́? Nínú Igbó Olódùmarè, ọ̀rọ̀ ni iwin tó ń jẹ́ Èṣù-kékeré-òde àti ọdẹ tó ń jẹ́ Olówó-ayé kọ́kọ́ sọ sí ara wọn kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Èwo wá ni "iwin kì í sọ̀rọ̀, ṣe ni í bú ramúramù"?

Èmi ṣáà ni iwin nígbà gbogbo tí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín bá ń ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ké, ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ ní ti òní dáa ju ti àná lọ. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ sókè kí ẹ lè rí pákó tó so mọ́ ọn, ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò pè yín, torí òfin yín. Ẹ sanwó ilé ìwé mi, mo mọ̀. Ẹ ò bẹ̀ mí rí lórí ìṣó yẹn. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi ọ̀tún, kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ.

Níbi ìsìnkú yín, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo gba maikirofóònù, mo wúkọ́, mo dá a padà.

Bí mo ṣe wà nílé náà nìyẹn. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi ní kíkùn nìkan lòun ń gbọ́. Tí mo bá wọlé, ọmọ mi á rọra kó ìwé rẹ̀ kúrò ní pálọ̀.

Alẹ́ àná ni mo ka ìparí Frankenstein. Ẹni tó dá a ti kú sínú ọkọ̀ ojú omi. Abàmì ẹ̀dá náà wọlé, ó dúró ti òkú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó foríji òun. Òun tí wọ́n sá fún! Mo kà á sókè, mo tún un kà. Ìyàwó mi yọjú láti yàrá, ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo kùn. Ó ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn padà.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá ni."

Àbúrò yín