Kí àwọn ọkọ̀ ìwádìí òkun máa jọ lo irinṣẹ́

Sí Olóòtú,

Àwọn ẹ̀rọ Argo tó ń léfòó kiri òkun, tó ń wọn ooru àti iyọ̀ omi, ń ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í kọjá 2,000 mítà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ṣì ń wọ̀n ọ́n jù.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan ń dá irinṣẹ́ tirẹ̀ rà, ó sì ń dá a tọ́jú. Òṣùwọ̀n iyọ̀ àti ooru máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyípadà ìsàlẹ̀ òkun kéré gan-an, àṣìṣe díẹ̀ sì lè bò ó mọ́lẹ̀. GO-SHIP, ètò àgbáyé tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wọn òkun, ń fẹ́ kí àṣìṣe ìwọ̀n ooru má ju 0.002°C lọ!

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ilé irinṣẹ́ àjọlò sílẹ̀: férémù tó ń gbé ìgò 24 tàbí 36 tí wọ́n fi ń bu omi láti ìsàlẹ̀ òkun, òṣùwọ̀n tí wọ́n yẹ̀ wò ṣáájú ìrìnàjò àti lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Irinṣẹ́ nìkan kò tó o. Ìlànà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan: omi tí wọ́n fẹ́ fi wọn ọ́síjìn ni kí wọ́n tètè gbà nínú ìgò férémù, kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́; ti iyọ̀ lè kẹ́yìn, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ fi omi náà ṣan ìgò kékeré tí wọ́n máa gbà á sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwa òṣìṣẹ́ ìwádìí òkun